Mo Wá Fọ́tò Afárá Lọ sí New York

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án. Baltimore sí Staten Island

Òde ìnáwó ni mo ti ń jẹun. Bí ẹ bá ti lọ síbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà àwa Yorùbá láàrin Baltimore sí Washington, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí mi: ọkùnrin tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó gbé kámẹ́rà méjì kọ́rùn, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí pé ó yẹ kó jẹun. Nígbà òtútù tó kọjá, tí iṣẹ́ dá, mo ṣèèṣì rí fọ́tò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdúgbò kan ní Brooklyn ni, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1908. Òpó irin gàgàrà kan dúró ní ìparí títì, ó ga ju gbogbo ilé lọ, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan. Afárá Manhattan ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Lábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á: Eugene de Salignac. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá mi nídìí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, mo sì sọ fún ara mi pé mo máa lọ.

Bọ́ọ̀sì wa gbéra ní aago méje àárọ̀. Kí a tó wọ New Jersey, a gun afárá Delaware Memorial. Méjì ni, wọ́n dúró ti ara wọn. Ọdún 1951 ni wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́, 1968 ni èkejì dé. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni mo sọ wọ́n, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Irú afárá tí mo ń wá kiri gan-an nìyẹn: òpó gíga méjì, wáyà ńlá tó gba orí wọn kọjá, àti okùn irin tó sọ̀ kalẹ̀ lára wáyà yẹn láti di ọ̀nà mú. Láàrin òpó méjèèjì, ọ̀nà náà kò jókòó lórí ohunkóhun. Ńṣe ló so rọ̀ bí agbè ẹlẹ́mu.

Mo ń gbádùn ara mi lọ ni táyà ẹ̀yìn bẹ́ gbàù lójú ọ̀nà New Jersey Turnpike. Dẹ́rẹ́bà rọra fẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì sétí ọ̀nà, ó ní bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni a lò níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti North Carolina jókòó níwájú mi. Ó tú àpò ọ̀rá kan, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. Ẹ̀pà sísè! Ẹ̀pà sísè tòun tèèpo, tó ní iyọ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń gbé e lórí kiri nílé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní Amẹ́ríkà, mi ò mọ̀ pé àwọn ará gúúsù wọn náà ń jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," ní Yorùbá, kí n tó rántí ara mi. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tún bù fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ má ṣe fi àdéhùn kankan sí ọjọ́ tí ẹ bá máa dé.

Láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí, mo wọ tíréènì abẹ́ ilẹ̀ nọ́ńbà 1 dé South Ferry, dọ́là méjì àti àádọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ni owó rẹ̀ ní 2025. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staten Island kò gba kọ́bọ̀, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ láti Manhattan, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ère obìnrin tó gbé iná sókè. Àwọn kan wà ní èbúté tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò tí kò mọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti ro àmàlà sílẹ̀. Mo jẹun tán, mo wá rí fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, dúdú àti funfun, Ìjẹ̀bú-Òde, 1979. Ojú mi ti mọ́ ọn láti kékeré, ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí ni mo wò ó bí oníṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni ẹni náà lò, ẹ̀gbẹ́ òsì ló gbé e gbà, gèlè ẹ̀gbọ́n mi sì hàn ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè ẹni tó yà á.

"Fọ́tò kan báyìí ni," ni wọ́n dáhùn. "Ó ní irùngbọ̀n."

Ẹtì, ọjọ́ 19. Chambers Street

Ilé tí ìjọba ìlú New York ń kó ìwé àti fọ́tò àtijọ́ pamọ́ sí wà ní 31 Chambers Street. 1907 ni wọ́n parí ilé náà, òkúta máábù ló kún gbọ̀ngàn rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, bí ààfin ẹni tó fẹ́ kí àlejò rántí pé òun lówó. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ sì kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lọ, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n máa gbé jáde fún ẹni tó bá kàn yọjú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí, lójú kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i. Fọ́tò tó lé ní 800,000 ni wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2012, kò sì ní kí ẹni tó wà ní Òṣogbo má wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ìdí tí mo fi lọ ni pé mo fẹ́ jókòó sínú ilé tí àwọn nẹ́gátíìfù de Salignac, àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde, sùn sí.

Ọ̀rọ̀ de Salignac rèé. Boston ni wọ́n bí i sí ní 1861. Ó ti lé ní ogójì ọdún kí iṣẹ́ kámẹ́rà yìí tó kàn án: ní 1903, àna rẹ̀ kan bá a wá iṣẹ́ sí ẹ̀ka ìjọba ìlú tó ń rí sí afárá, wọ́n fi ṣe igbákejì fún ayàwòrán tó wà níbẹ̀. Ní 1906 ọ̀gá rẹ̀ kú, iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò gbé kámẹ́rà sílẹ̀ mọ́ títí di 1934, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun nìkan, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nẹ́gátíìfù tó tó 20,000, gíláàsì ni wọ́n. Gbogbo afárá tí ìlú náà ń kọ́, tí wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n ń kùn lọ́dà, òun ni wọ́n ń rán lọ. 1943 ló kú, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ayàwòrán. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé kámẹ́rà ni.

Ní 1999, Michael Lorenzini tó ń ṣiṣẹ́ níbi àkójọ náà ń yí microfilm wò, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ya àwọn àkójọ àtijọ́ sí, ló bá ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló ń kọ nọ́ńbà sára àwọn nẹ́gátíìfù. Fọ́tò tí wọ́n rò pé onírúurú èèyàn ló yà á, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó tọ ìwé kíkọ yẹn lọ títí ó fi bá orúkọ pàdé. Ọkùnrin náà ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá tipẹ́: nọ́ńbà, ọjọ́, ibi tó ti yà á.

Mo fẹ fọ́tò kan lójú kọ̀ǹpútà títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi kún ojú mi. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, funfun, tín-ín-rín. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yàrá òkùnkùn rí á mọ ìdí tó fi funfun: yíǹkì dúdú tí wọ́n fi kọ ọ́ sára gíláàsì kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ibẹ̀ á ṣẹ́ kù funfun lórí ìwé. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà náà gùn, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tún ṣí òmíràn, mo tún ṣí òmíràn. Nígbà tó máa fi di ogún, mo ti lè dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ bí mo ṣe ń dá ọwọ́ bàbá mi mọ̀ lára àpò ìwé.

Fọ́tò rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jù kì í ṣe ti kíkọ́ afárá. Àwọn tó ń kun afárá Brooklyn ni, ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 1914. Wọ́n fọ́n káàkiri lára okùn irin, èyí jókòó, èyí fẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo wọn wà lókè fíofío, wọ́n sì wo kámẹ́rà bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Àwọn kan á ní ó kàn bá wọn bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ ìyàwó pé "ẹ sún sápá òsì díẹ̀, ìwọ tó wà lẹ́yìn, gbórí sókè," mo mọ fọ́tò tí wọ́n dúró fún. Ẹnì kan ti pariwo sí àwọn ọkùnrin yẹn láti ìsàlẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Oúnjẹ ọ̀sán: ìrẹsì àti adìẹ láti inú ọmọlanke etí títì, dọ́là mẹ́wàá. Ó pọ̀ tó ẹni méjì. Ata pupa rẹ̀ kì í ṣe eré.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 20. Afárá Manhattan

Mo dé Canal Street ní aago mẹ́jọ, níbi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹnu-ọ̀nà òkúta ńlá kan tó dà bíi ti ọba Róòmù. Mo tan kámẹ́rà. Bátìrì ti kú. Èkejì tó wà lápò náà ti kú. Ẹ̀rọ tó ń gba iná sí wọn wà lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi ní Staten Island, mo ń rí i lọ́kàn mi níbi tó jókòó sí. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà lórí ọ̀rọ̀ bátìrì!

Mo wọ East Broadway, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà tó wà lábẹ́ afárá náà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí mo wọ̀ ní àwọn ò ní i. Ní ìkarùn-ún, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nínú ihò kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ ọlọ́bẹ̀ lọ wo bátìrì mi, ó wá ohun èlò kan tó ní ẹnu méjì jáde lábẹ́ àpótí, ó gbé e lé e, ó sì fi ìka mẹ́wàá hàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Wákàtí kan. Mo lọ jẹ dọ́ńpílìǹ lódìkejì títì, márùn-ún ní dọ́là mẹ́ta àti àbọ̀, ẹ̀fọ́ àti edé ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà, mo na ogún dọ́là sí i. Ó dà á padà sí mi. Mo tún nà án, ó bínú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wẹ ẹ̀wà tútù nínú abọ́, ni mo bá tọ́ka sí kámẹ́rà, mo tọ́ka sí ìyá. Ìyá yẹn tún irun wọn ṣe, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Mo ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín: láti Manhattan, ọ̀tún ni ti ẹlẹ́sẹ̀, òsì ni ti kẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣìnà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kì í dẹ̀rìn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì retí ìdákẹ́jẹ́. Tíréènì N àti Q ń gba ẹ̀gbẹ́ yín gan-an kọjá, bí wọ́n bá sì ti ń bọ̀, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé á kọ́kọ́ sọ fún yín kí etí yín tó gbọ́. Ìṣòro afárá náà látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ojú irin sí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì dípò àárín, ẹ̀gbẹ́ tí tíréènì bá wà á wálẹ̀, èkejì á gbéra, bẹ́ẹ̀ ni irin ń yí, ó ń yí, títí ó fi ń sán. Àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1982 gbà ju ogún ọdún lọ.

Ẹnjiníà Leon Moisseiff ló ṣe ìṣirò agbára rẹ̀, ó sì fi hàn pé afárá bẹ́ẹ̀ kò nílò irin tó pọ̀ bí àwọn àgbà ẹnjiníà ṣe ń rò. Òun kan náà ló wà nídìí afárá Tacoma Narrows tí afẹ́fẹ́ gbé jó títí ó fi já ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1940. Ti Manhattan ò já. Láti òpó sí òpó, 448 mítà ni.

Mo dúró láàrin, mo gbé ọwọ́ lé okùn irin kan. Wáyà ńlá mẹ́rin ló gbé gbogbo afárá yìí dání, wáyà kéékèèké 9,472 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò lọ́ wọn pọ̀ bí okùn kànga. Àgbá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé wáyà lọ sódìkejì odò, tó tún ń padà wá, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, wọ́n á tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá pé 256, wọ́n á dì í. Bí irú rẹ̀ bá pé mẹ́tàdínlógójì, wọ́n á fún un pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti rí i bí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ṣe ń na òwú gbọọrọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí òfì ti rí i. Èyí kàn jẹ́ lókè odò ni. 1908 ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣí afárá náà ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1909. Gbogbo àkókò yẹn, de Salignac ń gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kiri.

Mo sọ̀kalẹ̀ sí Brooklyn, mo wá Washington Street lọ. Kò ṣòro rí, ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Láàrin ilé bíríkì pupa méjì, òpó afárá dúró, aláwọ̀ búlúù, bó ṣe dúró ní 1908. Gbogbo ayé ló ń ya á báyìí torí pé ilé Empire State yọ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ tó ń yọjú láàrin ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. De Salignac ò rí ìyẹn, 1931 ni wọ́n tó parí Empire State. Mo ṣí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń wo ògiri, mo ń wo fóònù, títí mọ́tò kan fi fun fèrè mọ́ mi. Dẹ́rẹ́bà náà sọ ohun kan tí mi ò lè kọ síbí. Ṣùgbọ́n mo ti dé ojú ibẹ̀, tàbí kó ku ìgbésẹ̀ méjì.

Ọkọ àti ìyàwó kan wà níbẹ̀, ayàwòrán wọn dá nìkan wá, ó dùbúlẹ̀ lórí òkúta títì, ìwé tó fi ń da ìmọ́lẹ̀ padà ń fò lọ. Mo bá a dì í mú fún ìdajì wákàtí. Oníṣẹ́ kan kì í wo èkejì níran.

Àìkú, ọjọ́ 21

Ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ìkómọ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó yẹ kó wá ya fọ́tò ò wá. Ẹ mọ ìyókù. "Fọ́tò! Fọ́tò, wá ya bàbá!" Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo jẹ ìrẹsì tútù, orí ìdúró.

Kó tó dìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì S79 ti gbé wa gba orí afárá Verrazzano lọ sí Brooklyn. 1964 ni wọ́n ṣí i. Òpó rẹ̀ méjèèjì ga, wọ́n sì jìnnà síra débi pé orí wọn fi nǹkan bí íǹṣì kan àtààbọ̀ jìnnà síra ju ìdí wọn lọ, torí ayé rí roboto. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní ogún ọdún ni àwọn ti ń gbà á kọjá, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn.

Ajé, ọjọ́ 22. Afárá Brooklyn, ilé

Mo dé orí afárá Brooklyn kí ilẹ̀ tó là tán, torí bó bá ti di aago mẹ́sàn-án, ẹ ò ní rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Àwọn tó máa ń pàtẹ sórí rẹ̀ ò sí mọ́, ìjọba ti lé wọn láti oṣù Kìíní 2024, ṣùgbọ́n omi dọ́là méjì ṣì wà nísàlẹ̀.

Nítorí Joshua Beal ni mo ṣe wá. Ní 1876, nígbà tí òpó òkúta ti parí tí ọ̀nà ò tíì sí, ó gbé kámẹ́rà gun òpó ti Brooklyn, ó ya Manhattan ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì to márààrún pọ̀ di àwòrán gbọọrọ kan. Ilé ìsìn ló ga jù nínú rẹ̀, òun àti òpó kejì tó dá dúró sínú omi. Mo gbójú sókè wo orí òpó náà, mo gbé àpò mi wò léjìká. Kílò mẹ́fà. Mo tún gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ kó ẹrù, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n sọ fọ́tò ìgbéyàwó wọn kalẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kí n má fọ́ gíláàsì àwọn. Mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ẹ̀yìn férémù náà. Pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wà níbẹ̀, ibi tí orúkọ wà ti ya lọ mọ́ gọ́ọ̀mù, ó ku "Studio, Ìjẹ̀bú-Òde". Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ 312, eéjì rẹ̀ ní ìrù gígùn.

Ìyá Ìbejì gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé. "Àbúrò ọkọ mi ló mú ẹni tó yà á wá," ni wọ́n wí. "Ó ṣì wà ní Mọ̀lípa." Wọ́n wo aago, wọ́n ka wákàtí sí ti Nàìjíríà lórí ìka, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ìgò ojú wọn kí wọ́n lè tẹ nọ́ńbà.

Fóònù náà ń dún lódìkejì nígbà tí mo gbé àpò kọ́rùn. Ọkọ̀ ojú omi aago méjìlá ò ní dúró dè mí.